Bí o ṣe lè ṣe ìtúpalẹ̀ àdúgbò kan ní Ilé-Ifẹ̀: ìtọ́sọ́nà fún akẹ́kọ̀ọ́ ìṣètò ìlú

Bí o bá ti wọ ẹ̀ka Ìṣètò Ìlú àti Agbègbè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi ní kí o lọ mú àdúgbò kan, kí o yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, kí o sì wá sọ ohun tó yẹ kí ìjọba àti àwọn ará ibẹ̀ ṣe sí i. Iṣẹ́ yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà dá lé lórí. Òfin, ìtàn, ìṣirò, yíya àwòrán ilẹ̀, gbogbo wọn ló ń pàdé níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀, nítorí pé ìdí kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ́kọ́ ń jókòó sí. Wọ́n á fa àwòrán sátẹ́láìtì sílẹ̀, wọ́n á fi oríṣiríṣi àwọ̀ kùn ún, wọ́n á wá kọ ọ́ pé àdúgbò náà kò létò. Ètò wà níbẹ̀. Àwọn baba ńlá wa tẹ ìlú yìí dó pẹ̀lú ìmọ̀, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lónìí sì ní ìdí fún ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹsẹ̀ àti etí la fi ń kọ́kọ́ rí ètò náà, kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Ilé-Ifẹ̀ ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe tirẹ̀ ní Iléṣà lè lo ìlànà kan náà, kó fi Ẹrẹ́jà sí ibi tí mo bá ti sọ Enúwá, gbàgede iwájú ààfin.

Wá ìbéèrè kí o tó wá àdúgbò

Àkọlé bíi “Ìṣòro ilé gbígbé ní Ilé-Ifẹ̀” kì í ṣe ìbéèrè. Ó fẹ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè ṣe ní sẹ́mísítà kan lọ, kò sì sọ ohun tí ò ń wá. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí: “Nínú àwọn ilé tí kò jìnnà ju 30 mítà lọ sí odò Èsìnmìrìn, àwọn wo ni omi ń wọ̀ nígbà òjò, kí ló sì dé tí àwọn onílé kò kó kúrò?” Èyí ṣe é kà, ó ṣe é fẹsẹ̀ rìn, ó ṣe é bi ènìyàn, ìdáhùn rẹ̀ sì lè yí ìpinnu ẹnì kan padà. Ọ̀nà tó dára jù láti dán ìbéèrè wò ni kí o sọ ọ́ fún ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà níwájú ilé. Bí ó bá dá ọ lóhùn láìjẹ́ pé o ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kejì, ìbéèrè rẹ ti gún régé.

Lẹ́yìn náà ni kí o pa ààlà. Mú ibi tí o lè rìn ká láàárọ̀ ọjọ́ kan, má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Odò, títì ńlá, ògiri ilé-ìwé, ìwọ̀nyí ń ṣe ààlà tó dára nítorí pé gbogbo ènìyàn ló lè rí wọn. Ṣọ́ra fún ààlà ìjọba ìbílẹ̀. Ìlú náà wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Àárín Gbùngbùn Ifẹ̀ àti ti Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀. Ti Àríwá Ifẹ̀ ní ibùjókòó ní Ìpetumodù, ti Gúúsù Ifẹ̀ sì ní tirẹ̀ ní Ifẹ̀tẹ̀dó. Nítorí náà, iye ènìyàn tí wọ́n kọ sí orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ kan kì í ṣe iye ènìyàn ìlú, kì í sì í ṣe iye àdúgbò rẹ rárá.

Ohun kan tún wà tí olùkọ́ lè gbàgbé láti sọ fún ọ. Ní Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, orúkọ tí ènìyàn ń pe ibùgbé rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ìjà tó wáyé láàárín 1997 sí 2000 gba ẹ̀mí, ó jó ilé, àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí sì ṣì wà láàyè. Má ṣe tẹ orúkọ àdúgbò sínú ìwé ìbéèrè rẹ ṣáájú. Fi àyè sílẹ̀, kí ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀ pe ibi tó ń gbé bó ṣe ń pè é, kí o sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí iṣẹ́ rẹ kò bá béèrè fún ilà ààlà láàárín ìhà méjèèjì, má ya á sórí máàpù.

Ka ohun tó ti wà nílẹ̀

Ìtàn ìlú kọ́kọ́. Ààfin Ọọ̀ni ni àárín, Enúwá wà níwájú rẹ̀, àwọn ọ̀nà sì tàn láti ibẹ̀ lọ sí àwọn àdúgbò àtijọ́: Ìrẹ̀mọ, Mọ̀ọrẹ̀, Ìlàrè, Ìlódè, Òkèrèwè. Odi yí ìlú ká láyé àtijọ́. Akin Mabogunje, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ jẹ́ógíráfì, fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn pé ìlú ńlá ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí òyìnbó tó dé. Mọ èyí dáadáa, nítorí yóò gbà ọ́ lọ́wọ́ àṣìṣe kí o máa fi ojú ìlú Lọ́ńdọ̀nù wo Ìlódè. Lẹ́yìn náà ni yunifásítì kó láti Ìbàdàn wá sí Ifẹ̀ ní 1967, ó sì fa ìlú lọ sí apá ọ̀nà Ìbàdàn àti ọ̀nà Ẹdẹ. Láti ìgbà náà, Ilé-Ifẹ̀ ti ní àárín méjì: èyí tó wà ní ààfin, àti èyí tó wà ní Lágere àti Mayfair, níbi tí ìṣòwò ti ń tẹ̀ lé owó òṣìṣẹ́ àti ti akẹ́kọ̀ọ́. Àdúgbò yòówù kí o mú, bi ara rẹ léèrè èwo nínú àárín méjèèjì ló ń fà á.

Òfin tẹ̀ lé e. Mẹ́ta ni kò gbọdọ̀ ṣàjèjì sí ọ: òfin ìṣètò ìlú àti ìgbèríko ti 1946, òfin lílo ilẹ̀ ti 1978 tó fi ilẹ̀ sábẹ́ àbójútó gómìnà, àti òfin ìṣètò ìlú àti agbègbè ti 1992. Kà wọ́n fúnra rẹ, má gbẹ́kẹ̀ lé nóòtì tí ẹnì kan kọ.

Ní ti iye ènìyàn, ìkànìyàn 2006 ni ìpìlẹ̀ tí iṣẹ́ púpọ̀ ṣì dúró lé. Ó sọ pé ènìyàn tó wà ní Nàìjíríà lé ní 140 mílíọ̀nù, ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì lé ní 3.4 mílíọ̀nù. Ó ti pẹ́, nítorí náà o ní láti ṣírò rẹ̀ wá sí òní. Ká ní àdúgbò kan ní 4,000 ènìyàn, o sì gbà pé 3 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń fi dàgbà lọ́dún. O máa fi 1.03 lọ́po ara rẹ̀ ní ọ̀nà 10 fún ọdún 10, kí o tó fi sọ 4,000 di púpọ̀. Yóò jẹ́ nǹkan bíi 5,376. Bí o bá lo 2 dípò 3, nǹkan bíi 4,876 ni. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 500 ènìyàn, ó tó ohun tí a ń torí rẹ̀ kọ́ kíláàsì kún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí o kọ ìṣirò méjèèjì sínú ìròyìn rẹ, kí o sì sọ ìdí tí o fi yan ọ̀kan.

Má gbàgbé pé inú ọgbà yunifásítì yìí gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ ìyàwòrán ilẹ̀ tí gbogbo Áfíríkà ń wá wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972 tí a mọ̀ sí RECTAS, tó wá di AFRIGIST. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lo ọdún púpọ̀ lọ́gbà tí kò wọ ibẹ̀ rí ti pàdánù.

Kí àwọn ará àdúgbò kí o tó wọ̀ ọ́

Gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹ̀ka rẹ, kí orúkọ rẹ àti fọ́tò ìdánimọ̀ rẹ wà níbẹ̀. Mú un lọ bá olórí àdúgbò, baálé tàbí alága ẹgbẹ́ àwọn onílé. Bí ọjà ló jẹ́, bí Odò-Ogbè tàbí Ọjà Tuntun, ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà ni kí o kọ́kọ́ yà, àti ọ̀dọ̀ olórí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí o bá wọ agbo ilé, má dá bàbá tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà kọjá. Òun ni yóò sọ fún àwọn yòókù bóyá kí wọ́n dá ọ lóhùn.

Ohun tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù kì í ṣe ìwọ. Ẹ̀rù agbowó-orí ń bà wọ́n, ẹ̀rù àwọn tó ń fi ọ̀dà pupa kọ X sára ògiri ilé kí wọ́n tó wá wó o sì ń bà wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Má gbé ọ̀dà tàbí ṣọ́ọ̀kì pupa dání. Má fa téèpù jáde kí o tó sọ̀rọ̀. Sọ ẹni tí o jẹ́ ní tààrà:

“Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ kú àtà. Ọmọ ilé-ìwé ni wá, láti Yunifásítì Ifẹ̀. A kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, a ò sì wá gba owó. A fẹ́ mọ ibi tí omi òjò ń gbà kọjá níhìn-ín. Ṣé ẹ lè yọ̀ǹda ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún wa?”

“Ẹ̀yin ọmọ yìí ṣáà! Àwọn kan wá lọ́jọ́sí, wọ́n bi wá títí, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. A máa gbé ohun tí a bá rí padà wá fún yín, ìyálọ́jà ti mọ̀ sí i.”

Ẹ̀sùn yẹn, pé àwọn kan wá tí wọn kò padà mọ́, wàá gbọ́ ọ púpọ̀, òótọ́ sì ni. Má ṣèlérí ohun tí o kò ní ṣe. Má sọ pé ọ̀nà yóò dára tàbí pé ìjọba ń bọ̀.

Rìn ín

Ìgbésẹ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù, òun náà ni wọ́n sì máa ń fi ìkánjú ṣe jù. Tẹ máàpù àdúgbò náà sórí bébà láti OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, mú pẹ́ńsùlù, téèpù onímítà 30, agboòrùn, fóònù tó kún fún iná. Kí ẹ jẹ́ méjì: ọ̀kan ń wò, èkejì ń kọ.

Yan ọ̀nà kan tó gba àdúgbò kọjá láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kí o sì kọ ohun tí o rí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní ilé kọ̀ọ̀kan. Ní ti lílo ilẹ̀, má kọ “ilé gbígbé” kí o sì kọjá lọ. Wo ìsàlẹ̀, wo òkè. Ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìrẹ̀mọ ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ènìyàn ń gbé òkè, ẹ̀yìnkùlé sì lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí tàbí rọ irin. Bí o bá kọ ọ̀kan ṣoṣo, o ti pa iṣẹ́ ẹni méjì rẹ́ kúrò lórí máàpù, ọjọ́ tí ẹnì kan bá sì fẹ́ lo máàpù náà láti pinnu nǹkan, àwọn yẹn kò ní sí níbẹ̀.

Wọn ìbú ọ̀nà ní ibi tó fún jù, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ panápaná yóò ti há. Wo gọ́tà: ṣé ó wà, ṣé ó ní ibi tó ń da omi sí, àbí ó kàn parí síwájú ilé ẹlòmíràn? Wo ara ògiri fún ilà tí omi fi sílẹ̀ nígbà òjò, kí o sì fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Ilà yẹn kì í parọ́, ó sì ń sọ ohun tí onílé kò ní fẹ́ sọ fún ọ bó bá fẹ́ fi ilé náà háyà. Wọn àlàfo tó wà láàárín kànga àti ṣáláńgá. 30 mítà ni ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà ìlera ń dá lábàá, nínú agbo ilé tó kún ni wàá sì ti rí i bí ó ṣe ṣòro tó.

Pulọ́ọ̀tì náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 ní 100 jẹ́ nǹkan bíi 465 mítà níbùú lóròó. Ti 60 ní 120 jẹ́ nǹkan bíi 669. Éékà kan sì jẹ́ 43,560 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó. Ẹni tó bá gé pulọ́ọ̀tì 60 ní 120 mẹ́fà nínú éékà kan ti lo 43,200 nínú rẹ̀, kò sì ṣẹ́ku ọ̀nà kankan. Bí o bá rí àdúgbò tuntun tí ilé ti kọjú sí ẹ̀yìnkùlé ara wọn tí kò sí ibi tí ọkọ̀ yóò gbà, padà lọ ṣe ìṣirò yìí. Ìgbà tí wọ́n ń ta ilẹ̀ náà ni ọ̀nà ti sọnù, kí ẹnikẹ́ni tó da símẹ́ǹtì sílẹ̀.

Wo àwọn ọ̀nà tóóró tó gba àárín agbo ilé kọjá. Lórí àwòrán sátẹ́láìtì wọn kì í hàn, bẹ́ẹ̀ òjò, arìnrìn-àjò, òkú àti ìyàwó, gbogbo wọn ló ní ẹ̀tọ́ láti gba ibẹ̀. Kò sí ìwé tí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ yẹn sí. Béèrè lọ́wọ́ àgbà agbo ilé bí ó bá ti pẹ́ tó, ta ló lè dí i, ta ni kò lè dí i. Òfin ìṣètò ìlú ni ohun tó bá sọ fún ọ, kódà bí kò bá sí nínú ìwé 1992.

Lọ ní àárọ̀, lọ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí àwọn alátẹ ti dé etí títì, lọ nígbà tí òjò ń rọ̀. Kò sí ohun tí ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ gọ́tà bí dídúró sínú òjò.

Bi wọ́n bí ìlú ṣe rí lọ́kàn wọn

Ní 1960, Kevin Lynch, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ohun márùn-ún ni ènìyàn fi ń ya ìlú sínú ọkàn rẹ̀: ọ̀nà tó ń tọ̀, ààlà tó ń dá a dúró, àdúgbò tó dá yàtọ̀, oríta tàbí ibi ìpàdé, àti ohun àmì tó ń fi ojú wá. Ìlànà yìí bá Ifẹ̀ mu gidigidi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí kò gba owó.

Wá ọlọ́kadà kan, ìyá ọlọ́jà kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò tíì ju ọdún kan lọ ní Ifẹ̀, àti bàbá àgbà kan. Fún wọn ní bébà, kí wọ́n ya ọ̀nà láti Sábó dé ilé ìwòsàn yunifásítì, tàbí kí wọ́n kàn sọ ọ́ lẹ́nu bí ẹni ń júwe fún àlejò. Kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá dárúkọ, ní títẹ̀léra. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lè dárúkọ báǹkì àti ilé epo. Bàbá lè dárúkọ igi tí wọ́n ti gé, ojúbọ, ilé olóyè, Ọ̀pá Ọ̀rányàn. Ọlọ́kadà yóò sọ ibi tí kòtò wà. Ibi tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ dárúkọ, ibẹ̀ ni gbogbo ìlú jọ ní, ìṣètò yòówù tó bá sì ba ibẹ̀ jẹ́ yóò dun gbogbo ènìyàn. Ohun tí bàbá nìkan dárúkọ ni ohun tó ń kú lọ. Fi sórí máàpù, kí ó má bàa kú pátápátá.

Yan àwọn tí o máa bi, kí o sì mọ ohun tí o máa bi wọ́n

O kò lè bi gbogbo ilé. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ni ti Taro Yamane, onímọ̀ ìṣirò: fi àṣìṣe tí o gbà láàyè lọ́po ara rẹ̀, fi èsì náà lọ́po iye gbogbo ilé, fi 1 kún un, kí o sì fi ohun tó jáde pín iye gbogbo ilé. Bí ilé bá jẹ́ 1,200, tí àṣìṣe sì jẹ́ 0.05, 0.05 lọ́nà 0.05 jẹ́ 0.0025; 1,200 lọ́nà 0.0025 jẹ́ 3; fi 1 kún un, ó di 4; 1,200 pín sí 4 jẹ́ 300. Ìyẹn ni pé ilé kan nínú mẹ́rin. Kọ 1 sí 4 sórí bébà, fa ọ̀kan; bí 3 bá jáde, ilé kẹta ni wàá kọ́kọ́ wọ̀, lẹ́yìn náà ìkeje, ìkọkànlá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá lọ bi àwọn tó rẹ́rìn-ín sí ọ nìkan, 300 náà kò wúlò.

Nínú agbo ilé tàbí ilé face-me-I-face-you, ilé kan kì í ṣe ìdílé kan. Àwọn tó ń jẹ nínú ìkòkò kan náà ni kí o kà sí ìdílé kan, kí o sì fa orúkọ nínú wọn. Bí o bá ń lọ ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ nìkan, àgbàlagbà àti àwọn tó ń tajà níwájú ilé ni wàá máa bá. Fi ìrọ̀lẹ́ àti Sátidé kún un. Má kàn ilẹ̀kùn lákòókò Jímọ̀ọ̀ tàbí láàárọ̀ Sunday.

Má bèèrè iye tí ènìyàn ń gbà lóṣù. Bèèrè ohun tí wọ́n ná sórí omi àti ọkọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Má bèèrè pé “Ṣé ẹ fẹ́ kí ìjọba ṣe ọ̀nà yín?” Ta ni yóò sọ pé rárá? Bèèrè pé bí owó bá wà fún ohun kan ṣoṣo nínú gọ́tà, iná òpópónà àti omi, èwo ni kí wọ́n ṣe. Bí o bá fẹ́ mọ ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, so ó mọ́ ọdún Ọlọ́jọ́ tàbí ọdún Edì. Ó dá ènìyàn lójú ju oṣù òyìnbó lọ. Kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ sì jókòó kọ ìbéèrè náà ní Yorùbá ṣáájú. Bí olúkúlùkù bá ń túmọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìbéèrè márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ bi.

KoboToolbox, ohun èlò orí fóònù tí a fi ń kọ ìdáhùn sílẹ̀, dára fún iṣẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ ni fún akẹ́kọ̀ọ́; bí o bá sì ti gba ìwé ìbéèrè rẹ sórí fóònù, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ títí tí o fi máa fi ìdáhùn ránṣẹ́. Má gba nọ́ńbà fóònù tàbí orúkọ tí o kò nílò. Òfin ààbò ìsọfúnni Nàìjíríà ti 2023 wà fún irú èyí.

Kíka ọkọ̀

Bí iṣẹ́ rẹ bá kan ọ̀nà, dúró ní oríta, ní Lágere tàbí Mayfair, kí o fa ilà sórí bébà fún ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Màrúwá, kọ̀rọ̀pẹ́, mọ́tò kéékèèké, ọkọ̀ akẹ́rù, àti àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn. Kọ ọ́ sí ìṣẹ́jú 15-15. Agogo méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀, àti mẹ́rin sí méje ìrọ̀lẹ́. Wo kàlẹ́ńdà yunifásítì kí o tó kà. Ní 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní February, kò sì parí títí di October. Ẹni tó bá ka ọkọ̀ ní Mayfair lásìkò yẹn ka ìlú tí kò sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nílé. Kọ sínú ìròyìn rẹ bóyá ilé-ìwé wọlé tàbí kò wọlé.

Ìgbà yìí ló kan kọ̀ǹpútà

QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù, ọ̀fẹ́ ni, ó sì tó fún gbogbo ohun tí o máa ṣe. Ohun àkọ́kọ́ tí o máa tún ṣe nínú rẹ̀ ni ìlànà àyè: yan UTM agbègbè 31 Àríwá, ìlànà tó ń fi mítà wọn ilẹ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ nínú QGIS jẹ́ EPSG:32631. Bí o bá fi í sílẹ̀ sórí díígírì, kò ní lè wọn mítà fún ọ dáadáa. Àwọn máàpù àtijọ́ Nàìjíríà lè wà lórí Minna, ìpìlẹ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ mìíràn tí kò bá èyí mu. Bí ilé rẹ bá ń bọ́ sórí odò, ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò.

Fa ọ̀nà àti ilé láti OpenStreetMap, kí o sì fi ohun tí o rí nígbà tí o rìn tún un ṣe. Fún bí ìlú ṣe gbòòrò sí i, lo àwòrán Landsat, sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà tó ti ń ya ayé láti 1972, tó sì di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn ní 2008. Ti Sentinel-2, sátẹ́láìtì ti Yúróòpù, mọ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n mítà 10 ni ojú kọ̀ọ̀kan (písẹ́lì) nínú àwòrán rẹ̀, kò lè fi ọ̀nà agbo ilé hàn ọ́. Ní ti àwọ̀, ìyeyè ni ọ̀pọ̀ ń lò fún ilé gbígbé, pupa fún ìṣòwò, búlúù fún ilé ìjọba àti ilé-ìwé, àwọ̀ ewé fún ibi ìgbafẹ́. Tẹ̀ lé èyí tí ẹ̀ka rẹ bá fọwọ́ sí.

Fún ìbéèrè odò tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ya odò náà bí ilà, jẹ́ kí QGIS yí i ká ní 30 mítà, kí o sì ka ilé tó bọ́ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà gbé ìwọ̀n omi tí o wọ̀n lára ògiri lé e lórí. Wàá rí i pé àwọn ilé kan jìnnà sí odò tí omi sì ń wọ̀, nítorí gọ́tà ẹnì kan ló parí síbẹ̀. 30 mítà kò lè sọ èyí fún ọ.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ jíjìnnà sí ilé-ìwé tàbí ilé ìwòsàn. Má fa òbìrípo yí i ká kí o sì pe gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ ní ẹni tó sún mọ́ ọn. Tọ ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń gbà. Odò kan tí kò ní afárá lè sọ 500 mítà di ìrìn kìlómítà kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìpele kan wà tí máàpù Ifẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe aláìní: ohun tó wà nínú ilẹ̀. Ní 1938, àwọn tó ń walẹ̀ fún ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ni wọ́n hú àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ Ifẹ̀ mọ́. Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ní Ìta Yemòó tún kan àwọn ère mìíràn, Frank Willett sì wá wa ibẹ̀ lẹ́yìn náà. Ilẹ̀ tí wọ́n fi àfọ́kù ìkòkò tẹ́ wà káàkiri lábẹ́ ilé àti ọ̀nà. Lọ sí ilé ọnà tó wà ní Enúwá, bèèrè àwọn ibi tí wọ́n ti rí nǹkan, kí o fi sàmì sórí máàpù rẹ. Ẹni tó bá dábàá títì tuntun gba àárín ìlú kọjá láìní ìpele yìí kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Ìṣirò àti àbá

Má kánjú gbé ìpíndọ́gba kalẹ̀. Ká ní owó ilé ṣọ́ọ̀bù márùn-ún lọ́dún jẹ́ ₦60,000, ₦70,000, ₦75,000, ₦80,000 àti ₦400,000. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ ₦137,000, iye tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò san. Èyí tó wà láàárín, ₦75,000, ló sún mọ́ òótọ́. Kọ méjèèjì, kí o sì sọ ìdí tí ẹni karùn-ún fi yàtọ̀.

Ní ti àbá, ẹ jẹ́ ká fi wíwó ilé sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn àkọ́kọ́. Patrick Geddes, ọmọ Skọ́tíláǹdì tó ṣiṣẹ́ púpọ̀ ní Íńdíà láti 1914, ló tẹnu mọ́ ọn pé ká yẹ ìlú wò, ká tú u palẹ̀, kí a tó ṣètò, àti pé gígé díẹ̀ níbi tó yẹ sàn ju wíwó gbogbo rẹ̀ lọ. Ó rí i pé ó dín owó kù, kì í sì í lé ènìyàn púpọ̀ kúrò nílé. Ní Òkèrèwè tàbí Mọ̀ọrẹ̀, èyí lè jẹ́ ògiri kan tí wọ́n ó sún sẹ́yìn kí ọkọ̀ panápaná lè kọjá, gọ́tà tí wọ́n ó so pọ̀ mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀, tàbí kànga kan tí gbogbo agbo ilé yóò jọ máa lò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbá kọ̀ọ̀kan, kọ ẹni tó máa ṣe é, ẹni tó máa sanwó, àti ẹni tí yóò pàdánù nǹkan. Bí o kò bá lè kọ ẹ̀kẹta, o kò tíì wò ó dáadáa.

Gbé e padà

Kí o tó fi ìròyìn rẹ sílẹ̀ fún olùkọ́, tẹ máàpù náà ńlá, kí gbogbo ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ wà ní Yorùbá, kí o sì mú un lọ sí ìpàdé àwọn onílé tàbí sọ́dọ̀ ìyálọ́jà. Gbé e kọ́ ara ògiri, kí o fi bírò sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n á sọ fún ọ pé ilé yìí kì í ṣe ti ẹbí tí o kọ, pé ọ̀nà yẹn ti dí, pé omi kì í wọ ibí yìí mọ́ láti ìgbà tí wọ́n gbẹ́ kòtò. Tún un ṣe. Ya fọ́tò bébà tí wọ́n kọ nǹkan sí, kí ojú ẹnikẹ́ni má hàn, fi í sí ẹ̀yìn ìròyìn rẹ. Fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún wọn, kí o sì mú òmíràn lọ sí ọ́fíìsì ìṣètò ìlú ní ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n buwọ́ lù ú pé àwọn gbà á.